Ọwọ́ Ọpẹ́ Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́ Mi

Ara ọ̀rá búrẹ́dì ni mo tún ti rí i láàárọ̀ yìí. Mo ra búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Area 1, mo yí i sódì kí n wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àfi bí ọwọ́ ìkọ̀wé Ọpẹ́ ṣe yọ sí mi: B tí ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi ju tòkè lọ, y tó fa ìrù sẹ́yìn bíi ti ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo dúró sójú títì, búrẹ́dì lọ́wọ́, ebi tó ń pa mí sì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún. Bí mo bá jáde nílé ní Kabusa, mo máa rí i lára pátákó àwọn onídìrí. Bí mo bá wọkọ̀ dé Garki, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó wà lórí kéèkì ọjọ́ ìbí, ó wà lára ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àná ńkọ́? Ó wà lára fìlà awakọ̀ tó gbé mi. Gbogbo Abuja ni Ọpẹ́ ń kọ̀wé sí. Èmi nìkan ni kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí, ó sì ti di ọdún kẹrin báyìí.

Iṣẹ́ káàdì ni mò ń ṣe. Káàdì ìgbéyàwó, káàdì ìsọmọlórúkọ, ìwé ètò ìsìn, gbogbo nǹkan tí èèyàn bá fẹ́ kó dùn ún wò. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílùú yìí, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Garki. Nínú iṣẹ́ wa, ohun kan wà tí à ń pè ní fọ́ǹtì. Àwòrán lẹ́tà ni, láti A dé Z, tí ẹnì kan fara balẹ̀ yà, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ̀wé, irú lẹ́tà yẹn ni yóò máa jáde fún un. Àwọn kan le gbandi bíi ti ìwé ìròyìn. Àwọn kan sì rí bíi pé èèyàn ló fi gègé kọ ọ́, wọ́n so mọ́ra, wọ́n ń tẹ̀ síhìn-ín, wọ́n ń yí sọ́hùn-ún, irú èyí tí ojú àwọn ìyàwó máa ń là sí. Irú kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọ̀kan wà níta lónìí tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí mọ̀, wọ́n sì ní ọwọ́ mi ni. Irọ́ ni! Ọwọ́ tèmi dà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Ọwọ́ Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ tí Ọpẹ́ kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé ètò ayẹyẹ ìparí ọdún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ló mú wá. Tíṣà ni, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Kabusa. Mo gba ìwé náà, mo wò ó títí, mo ní, “Àǹtí, ta ló bá yín tẹ èyí? Ó ti dára tán, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ mi?” Ó ní, “Ta ló tẹ kí ni? Èmi ni mo fi bíróò kọ ọ́.” Mo ní irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa bíróò yọ nínú irun rẹ̀, ó fa ìwé kan tó wà lórí tábìlì mi mọ́ra, ó kọ “Irọ́ kọ́ o, ọ̀gá káàdì” sí i. Kò dúró ronú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni lẹ́tà ń tú jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Inú mi dùn, ó sì ta mí lára díẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, láti ọjọ́ yẹn ni ìlara díẹ̀ ti wà nínú ìfẹ́ mi.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Olùkọ́ àgbà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́, ọmọ tó bá sì kọ lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ, pàṣán ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Àmì tí à ń fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ẹsẹ̀ ni bàbá yẹn ń pè é. Ó ní lẹ́tà tó yẹ kó lẹ́sẹ̀, tí ẹ ò fún un lẹ́sẹ̀, ẹ ti dá a lẹ́sẹ̀ nìyẹn, kò ní lè dé ibi tí ẹ rán an. Ọpẹ́ kì í fi ẹsẹ̀ yẹn ṣeré rárá. Kì í kàn fi ẹnu bíróò gún abẹ́ lẹ́tà bíi tiwa, ńṣe ló máa fà á, ìlà kékeré kan báyìí tó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Ọmọ ọ̀gá tíṣà, o ti fún gbogbo wọn ní bàtà tán?” Ó máa ní, “Ọ̀gá káàdì, ìwọ lò ń jẹ́ kí wọ́n máa rìn ní ẹsẹ̀ lásán.” Oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ, nítorí náà “ìwọ” la jọ ń pe ara wa, kò sí pé ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàsán sà láàárín wa.

Nígbà tí a ti ń fẹ́ra, lọ́jọ́ Sátidé, yóò gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé pélébé kan kì í sì í ṣàì wà lórí ìdérí kúlà. “Jẹ ẹ́ tán o, ẹran tó kù nínú ìkòkò nìyẹn.” “Ojú rẹ ti ń wù mí rí láti Ọjọ́rú.” “Rọra jẹun, kò sẹ́ni tó ń lé ọ.” Mo máa kà á, mo máa rẹ́rìn-ín, tí mo bá jẹun tán, mo máa fi ìwé yẹn nu epo ọwọ́ mi, mo máa sọ ọ́ nù. Mo ní mo máa ń sọ ọ́ nù! Ẹ wo orí burúkú. Ká ní mo rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lónìí, tó bá tiẹ̀ jẹ́ èyí tó kún fún epo jù lọ, inú gíláàsì ni ǹ bá fi sí, ǹ bá gbé e kọ́ sí yàrá mi.

Nígbà tí àwọn ẹbí ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán, tí a ti mú ọjọ́, mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ ọwọ́ rẹ̀ di fọ́ǹtì, ká fi ṣe káàdì ìgbéyàwó wa. Mo ní àwọn èèyàn máa gba ìwé ìpè lọ́wọ́ wa, wọn ò ní mọ̀ pé ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pè wọ́n. Ẹ ò rí bí ojú rẹ̀ ṣe tàn. Ó ní, “Tiwa nìkan?” Mo ní, “Tiwa nìkan.” Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́. Tó bá ti mákì ìwé àwọn ọmọ tán, yóò bẹ̀rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́wàá kí n lè ṣa èyí tó dára jù. Ó kọ ẹ, ó kọ ọ, ó kọ ṣ. Ó kọ gbogbo àmì ohùn, ó tiẹ̀ kọ gb pa pọ̀, ó ní tí mo bá yà wọ́n, wọ́n á máa wo ara wọn bí ẹni tó ń jà. Ó di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, ó gbé e fún mi tọwọ́tẹsẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà tán. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn olóhùn, háà! Lẹ́tà ẹ nìkan, ẹ máa ṣe ńlá, ẹ máa ṣe kékeré, ẹ máa ṣe olóhùn òkè, ẹ máa ṣe olóhùn ìsàlẹ̀. Ó sú mi. Mo ní ta ló ń kọ àmì ní Abuja yìí? Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo káàdì wa, orúkọ Yorùbá tó bá sì wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láìlámì nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Mo ní màá ṣe é tó bá yá. Ẹ̀yin náà mọ “tó bá yá”, àbúrò “rárá” ni.

Ìyá kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣe káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó rí lẹ́tà yẹn lójú kọ̀ǹpútà mi, ó ní, “Kai! Èyí gan-an ni mo fẹ́.” Ẹnu mi ò gbé e láti sọ pé ti ìgbéyàwó tèmi ni. Mo fi ṣe káàdì fún un. Àwọn tó rí káàdì yẹn wá bèèrè, mo ṣe fún àwọn náà. Nígbà tó yá, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe owó ni mo wá, ìyìn ni. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ya á síbẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ Ọpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé lọ́kọláya, ọwọ́ ta lọwọ́ ta? Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí olè máa ń sọ fún ara rẹ̀!

Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí nílùú máa ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́dún yẹn, ẹni tó ń darí ètò gbé lẹ́tà náà sára ògiri, gàgàrà, ó sì pè mí jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún wa, ọwọ́ ta lèyí?” Mo gbójú sókè. Ọpẹ́ wà ní ìlà kẹta, nínú aṣọ búlúù rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ti tún gèlè ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n sọ: ọwọ́ ìyàwó mi. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo ní, “Ọwọ́ mi ni. Àtikékeré ni Ọlọ́run ti fún mi lẹ́bùn yẹn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń lọ sílé, gbogbo ohun tó sọ nínú ọkọ̀ ni, “O sọ̀rọ̀ dáadáa.” Mo sì fi ṣe ìyìn.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni káàdì ìgbéyàwó wa jáde. Mo pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìn Àìkú, mo fa ẹyọ kan yọ, mo nà án sí i, mò ń retí kó fò mọ́ mi. Ó fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?” Mo ní, “Ẹsẹ̀ kí ni?” Ó ní, “Ẹsẹ̀ orúkọ mi.” Mo rẹ́rìn-ín! Mo ní, “Ọpẹ́, ta ló máa wo ìyẹn? Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Ọpẹ́yẹmí ni.” Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó kà á sókè bó ṣe wà nínú káàdì, láìfi ẹsẹ̀ kankan sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á bẹ́ẹ̀: Opeyemi. Ó ní, “Òpè yẹ mí. Òótọ́ ni. Ẹni tó jókòó láàárín èrò, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó jí ọwọ́ rẹ̀, òpè yẹ ẹ́. Ọwọ́ èmi fúnra mi náà lẹ sì fi kọ ọ́. Ẹ ṣeun, sà.”

Ṣé ẹ gbọ́ “lẹ” yẹn? Ṣé ẹ gbọ́ “sà” yẹn? Nílẹ̀ wa, tí àjèjì bá pè yín ní “ẹ”, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ti ń pè ọ́ ní “ìwọ” fún ọdún méjì ṣàdédé máa pè ọ́ ní “ẹ”! Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó gbá mi létí, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi sì ti sọ tirẹ̀ di ohun tí wọ́n fi ń bú èèyàn. Ó rọra fi káàdì náà sórí tábìlì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

A bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa láti Ọ̀yọ́ pé, “Ọmọ mi ò bínú o. Ó kàn ní òun ò ṣe mọ́ ni.” Kó tó di ìparí sáà, ó ti kúrò ní Kabusa, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo wá lọ wá fáìlì tó kọ lẹ́tà sí, pé ó kéré tán màá ṣe ẹsẹ̀ wọn fún un, màá fi bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i. Nígbà tí mo kó ṣọ́ọ̀bù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo ti kó o dànù pọ̀ mọ́ páálí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Láti ìgbà náà, ohun kan wà tí mo máa ń ṣe, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Lọ́sàn-án Àìkú, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, mo máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo máa kọ lẹ́tà sí ara mi ní ọwọ́ Ọpẹ́. Mo máa tẹ “Ojú rẹ ń wù mí rí.” Ohun tí yóò jáde ni “Oju re n wu mi ri.” Mo máa tẹ “Mo ń bọ̀.” Yóò jáde ní “Mo n bo.” Ọwọ́ rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì lẹ́sẹ̀. Mo gbìyànjú láti fa àwọn ẹsẹ̀ yẹn fúnra mi. Mo fà á títí. Ẹsẹ̀ tèmi ló ń jáde.

Ní oṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Bwari dárúkọ tíṣà ọmọ rẹ̀ fún mi. Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ti wọkọ̀. Mègádì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà kí mi ní èdè Haúsá, “Sànnu, ọ̀gá,” ó ní kí n dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò títí dìgbà ìsinmi. Ibi tí mo dúró sí, mò ń wo inú kíláàsì láti ojú fèrèsé. Òun ni! Ó ti rù díẹ̀. Ó kọ̀yìn sí mi, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, mo sì di ara igi mú. Mo ní Olúwa, màá tún rí ọwọ́ yẹn. Ó kọ̀wé sójú pátákó. Gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́tà ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé.

Nígbà tó jáde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, sà.” Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń wò yín. Mo ti dárí jì yín tipẹ́.” Mo bèèrè pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, “Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibí, àwọn ọmọ ní Àǹtí ń kọ̀wé bíi kọ̀ǹpútà. Òbí kan wá fẹjọ́ sùn pé mò ń ya lẹ́tà ara káàdì fún àwọn ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé pè mí, wọ́n ní kí n yéé wo ọwọ́ ẹlòmíì kọ.” Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. “Wọ́n ní kí n kọ ọwọ́ tèmi, sà. Mo wá kọ́ òmíràn.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní màá sọ fún gbogbo ayé. Mo ní màá yọ orúkọ mi kúrò, màá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, gbàgàdà gbàgàdà. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ má kọ orúkọ mi sí i. Ẹ ò ní lẹ́tà tí ẹ máa fi kọ ọ́.” Agogo dún, ó ní kí n rìnnà ire, ó wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò bèèrè bóyá ó ti lọ́kọ. Ẹ̀rù bà mí.

Ọpẹ́ pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ò lè mọ èwo ni, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kọ nǹkan fún yín, ẹ má fi nu epo, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ lè gbayì níta. Èmi ti ṣe tèmi, ó ti kọjá àtúnṣe: mo ti pa á rẹ́ níbi tí mo gbé e sí, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà àìmọye èèyàn. Ká ní ó ń bínú ni, màá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ká ní ó bú mi, màá dúpẹ́. Kò bú mi. Ó kí mi káàbọ̀, ó pè mí ní sà, ó ní òun ti dárí jì mí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ojú yín ti rí nǹkan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ti dárí jini tán?